Ìdá Mẹ́ta Nínú Márùn-ún

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìtàn Amẹ́ríkà ò ní tíì gbàgbé eré tí a máa ń ṣe ní kíláàsì. Apá kan á di Virginia, tí èrò pọ̀ sí. Apá kejì á di New Jersey, tí èrò rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo máa ń ní: "A ti wà ní Philadelphia, 1787. Ó yá, ẹ kọ òfin ìpilẹ̀ yín."

Kì í pẹ́ kí ariwo tó sọ. Virginia ní kí iye aṣojú tẹ̀lé iye èrò. New Jersey ní ó tì o, ọgbọọgba ni. Nígbà tó bá yá, ẹ ó bọ́ síbi tí àwọn baba yẹn bọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù Keje: ilé aṣòfin méjì, ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí iye èrò, èkejì ní ọgbọọgba. Ìpínlẹ̀ 5 fọwọ́ sí i, 4 kọ̀, àwọn aṣojú Massachusetts sì pín sí méjì. Ẹ̀yin á pàtẹ́wọ́, èmi náà á pa tèmi.

Lọ́dún kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣẹ́ kù tí ò ní ẹgbẹ́. Mo ní kó jókòó kó máa wòran. Nígbà tí a parí, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta wá ni mí nínú eré yìí?"

Ìbéèrè yẹn ló tú mi fó. Bí ìjókòó bá tẹ̀lé iye èrò, ta ni à ń kà? Ọ̀pọ̀ yín gbà pé àwọn olówó ẹrú ló ní ẹrú ò pé èèyàn, pé 3/5 ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o! Àwọn ará Gúúsù gan-an ló fẹ́ kí wọ́n ka ẹrú ní odidi, kí ìjókòó tiwọn lè pọ̀. Ẹrú ò kúkú ní dìbò. Olówó rẹ̀ ni yóò fi orí rẹ̀ jẹun. Àwọn kan láti Àríwá ní kí wọ́n má kà wọ́n rárá. Àárín ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "ẹrú" nínú ìwé yẹn títí, ẹ ò ní rí i.

Àwọn kan nínú yín ṣì ń bá mi jiyàn pé láìsí àdéhùn yẹn, South Carolina àti Georgia ò ní wọlé. Lóòótọ́, wọ́n halẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka iye tó ná wọn mọ́ ọn: wọn ò lè fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú títí di 1808, ó sì di 1868, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, kí ìdá yẹn tó kúrò nínú òfin.