Kí ló dé tí kànga kan ń lómi, tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbẹ?

Omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú dáadáa, omi a di ohun tí àwọn ènìyàn ń wá kiri bí owó ní ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé nílẹ̀ Yorùbá. Èyí ló fà á tí àwọn onílé, ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi ń dáwó jọ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bọ́ọ̀hóòlù.

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé nígbà mìíràn, owó á lọ, ẹ̀rọ á gbẹ́ ilẹ̀ títí, eruku nìkan ni yóò máa tú jáde. Bẹ́ẹ̀, kànga aládùúgbò tí kò jìnnà rárá kún fún omi. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní inú ilẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Ilẹ̀ kò rí bákan náà

Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì wà lórí àpáta líle tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Irú àpáta yìí ló yọrí síta ní Òkè Ìdànrè àti Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ Nàìjíríà ló wà lórí irú rẹ̀.

Ní ìhà gúúsù bí Èkó, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti Òkìtìpupa, yanrìn àti amọ̀ ló tò léra wọn nísàlẹ̀. Omi máa ń wà láàárín yanrìn náà, nítorí náà kì í ṣòro láti kàn án. Ìṣòro tiwọn ni pé iyọ̀ lè wọ inú omi náà níbi tó bá sún mọ́ òkun.

Ibi tí omi ń sá pamọ́ sí

Àpáta líle kò ní ihò tí omi lè gbà wọlé. Lórí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ máa bá ilẹ̀ tí à ń dáko sí, lẹ́yìn náà yangí, lẹ́yìn náà amọ̀, kí ẹ tó dé ibi tí àpáta ti jẹrà di yanrìn ṣákálá. Ibí yìí ni omi òjò tó rì sínú ilẹ̀ máa ń kó jọ sí. Lábẹ́ rẹ̀, bí àpáta náà bá sán, omi á tún wà nínú ojú ibi tó sán. Bí kò bá jẹrà, tí kò sì sán, kò sí omi níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn tó.

Ibi tí àpáta sán lè fẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré. Ìdí nìyí tí ẹnìkan fi lè kan omi, tí aládùúgbò rẹ̀ yóò sì kan òkúta gbígbẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wò ó?

Láti ọdún 1912 ni Conrad Schlumberger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná yẹ inú ilẹ̀ wò. Ọ̀nà náà ni àwọn onímọ̀ wa ṣì ń lò. Wọ́n á ri irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Iná bátìrì á gba méjì wọlé, wọ́n á sì fi méjì yòókù wọn bí ó ṣe ń rìn. Bí wọ́n bá ṣe ń fa irin náà jìnnà síra ni iná náà ń wọlẹ̀ sí i. Àpáta gidi kì í jẹ́ kí iná kọjá bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó jẹrà tí omi sì rin máa ń gbà á láàyè.

Ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀ o. Amọ̀ náà máa ń jẹ́ kí iná kọjá, bẹ́ẹ̀ amọ̀ a máa di omi mú, kì í tú u sílẹ̀ fún kànga. Nítorí náà, rírí ẹ̀rọ nìkan kò tó, ẹni tó lè ka àbájáde rẹ̀ ṣe pàtàkì. Wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ yìí ní yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Àkúrẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ṣáláńgá

Ojú ibi tó ń gbé omi wá náà ni ìdọ̀tí ń gbà wá. Àwọn amòye ìlera sábà máa ń dábàá pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó 30 mítà ó kéré tán, ìyẹn nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà, kí ó sì wà ní òkè rẹ̀, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀. Lórí àpáta tó sán, ó yẹ kó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó mọ́ lójú lè ní kòkòrò àrùn nínú. Ó sì lè ní èròjà nitrate tó ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan, èyí tó léwu fún ọmọ ọwọ́.

Kí ẹgbẹ́ tàbí ìdílé tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga, ẹ kọ́kọ́ béèrè àyẹ̀wò ilẹ̀, ẹ gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Owó àyẹ̀wò kéré púpọ̀ sí owó kànga tó gbẹ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.