Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Yẹ Ìròyìn Wò Bí Ìwé Owó

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù,

Nínú ẹgbẹ́ wa, bí akápò bá ní iye báyìí ló wà lọ́wọ́, a kì í pàtẹ́wọ́ kí a sì máa lọ sílé. Ayẹ̀wé-owó-wò yóò béèrè rìsíìtì, yóò wo ìwé báǹkì, kí ó tó fọwọ́ sí i. Àwọn kan wà tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìròyìn.

Àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù dé orí fóònù pé kí oníkálukú fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi pín in fún ìyá àti àbúrò wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn 2 ni omi iyọ̀ ti pa ní Nàìjíríà. Iyọ̀ kò wo Ebola. Ewu gidi ni fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Báwo ni a ṣe ń yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò? Èkíní, olùṣàyẹ̀wò yóò kọ ọ́ sílẹ̀ gan-an bí wọ́n ti sọ ọ́. Èkejì, yóò wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, yóò sì béèrè ẹ̀rí rẹ̀. "Wọ́n ní" kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀kẹta, yóò tọ àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ: dókítà fún ọ̀rọ̀ oògùn, ìwé ìṣirò ìjọba fún ọ̀rọ̀ iye. Bí ó bá jẹ́ àwòrán, yóò wá ibi tó ti kọ́kọ́ jáde, nítorí àwòrán ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ẹlòmíràn ń pè ní ti àná. Ẹ̀kẹrin, yóò tẹ èsì jáde pẹ̀lú ẹ̀rí, kí ẹnikẹ́ni lè tún un yẹ̀ wò.

Africa Check, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Africa ní 2012, ṣí ọ́fíìsì sí Èkó ní 2016. Dubawa bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ọ̀rọ̀ Háúsá tó jẹ mọ́ àyẹ̀wò ni orúkọ náà.

Ṣùgbọ́n wọn kò lè dé orí fóònù gbogbo wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni ní Ijoku tàbí níbikíbi ní Ṣàgámù bá rí iṣẹ́ gbà pé ìjọba ń yá ẹgbẹ́ lówó, kí a yára san owó fọ́ọ̀mù, kí ó má san kọ́bọ̀, kí ó má sì pín in kiri. Kí ó mú un tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí akọ̀wé béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù. Abéèrè kì í ṣìnà.