Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Owó ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà

Láti 2024 ni owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000. Ká ní òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan l'Ọ́tà ń fi ₦1,500 wọ dánfó lọ-bọ̀ lójúmọ́ fún ọjọ́ 26: ₦39,000 ti lọ kó tó ra gààrí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìjọba Èkó gé owó ọkọ̀ BRT sí ìdajì. Ìyẹn dáa, àmọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ṣàngó wà, dánfó ni wọ́n sì ń wọ̀ níbẹ̀; awakọ̀ tó ń ra epo, tó tún ń san owó gáréèjì, kò lè dá ẹ̀dínwó ṣe.

Àwọn kan á ní ìjọba kò lówó tí yóò fi ṣe ẹ̀dínwó. Lóòótọ́, ẹ̀dínwó fún gbogbo èrò á wọ́n jù. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré ni kí ìjọba fún ní káàdì ẹ̀dínwó, kí bọ́ọ̀sì tó ń lo gáàsì (CNG), tí ìjọba Ògùn ti ń lò, máa ná Ṣàngó sí Ìyànà Ìyẹsí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí iléeṣẹ́ bá ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́.