Owó Ìjọba Fún Ìwádìí

Ẹ̀yin ará Lẹ́kkí àti Ajah, bí ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa fi oòrùn gbẹ ẹja, ilé ìfowópamọ́ yóò bi í pé, “Kí ni o fi dógò?” Ohun tí a kò tíì dán wò kò ṣeé fi dógò. Nítorí náà ni ìjọba fi ń dá sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1982 ní kí àwọn ẹ̀ka ìjọba tí ń náwó púpọ̀ sórí ìwádìí ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Ìpínlẹ̀ Èkó náà dá ìgbìmọ̀ LASRIC sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀bùn ni owó náà, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Ìdánwò lè kùnà. Èyí kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ra mọ́tò ti ja gbogbo wa lólè, nítorí owó orí wa ni. Ẹ máa béèrè ìṣirò.