Ọ̀tún Lónìí, Òsì Lọ́la: Ọ̀rọ̀ Oògùn Àwọn Òbí Wa



Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, à ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi obìnrin bi ìyá mi léèrè pé, "Màmá àgbà, kí ló dé tí ẹ ń kán oògùn sí ojú kan ṣoṣo?" Màámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó jẹ iyán rẹ̀. Ọmọ kò dákẹ́. Ó ní ojú ọ̀tún ni lánàá, ojú òsì ni lónìí.

Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Oògùn glaucoma tí dókítà ní kí wọ́n máa kán sí ojú méjèèjì lálaalẹ́ ti gbówó lórí láti oṣù Kìíní, nítorí pé ètò adójútòfò wọn ti yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ oògùn tó ń bá wọn sanwó fún. Ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ ti wọlé kí ọdún tó yí. Inú dúrọ́ọ̀ ni mo ti bá a, a kò tilẹ̀ já a. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ń san owó ilé, o ń san owó mọ́tò." Bẹ́ẹ̀ glaucoma kì í dunni, kì í pariwo. Ìríran tó bá bá a lọ kì í padà, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ ilé yín. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún ni àyè wà fún ẹni tó ní Medicare láti yan ètò oògùn tuntun. Èyí tí ẹ bá yàn yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní.

Ààrẹ Lyndon Johnson ló fọwọ́ sí òfin Medicare ní 1965, ṣùgbọ́n oògùn tí arúgbó ń rà lọ sílé kò sí nínú rẹ̀. Ọdún 2003 ni Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin tó mú un wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006. Part D ni wọ́n ń pè é. Ìjọba ló fi òfin dè é, ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń tà á, iye tí wọ́n ń tà á sì yàtọ̀ síra wọn bí ìsọ̀ ata ní Bódìjà.

Mo máa ń gbọ́ ọ lóde àríyá pé òbí tó wá bá wa tọ́mọ, tí kò ṣiṣẹ́ rí ní Amẹ́ríkà, kò lè ní Medicare láéláé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí òun tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ sanwó orí fún ọdún mẹ́wàá níhìn-ín ló ń gba Part A lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n òbí tó ti pé ẹni ọdún 65, tó ní green card, tó sì ti gbé níhìn-ín fún ọdún márùn-ún gbáko láìṣípò padà, lè ra Part B. Dọ́là 185 lóṣù ló jẹ́ lọ́dún 2025. Ẹni tó bá sì ti ní Part B lè ra Part D. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọdún márùn-ún náà máa pé sára kàlẹ́ńdà.

Ẹ má sọ pé ara Bàbá le, ẹ ó rà á tó bá yá. Ẹni tí àyè rẹ̀ ti ṣí, tó lo ọjọ́ 63 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìní adójútòfò oògùn tó péye, yóò san owó ìtanràn nígbà tó bá padà wọlé. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan, lórí iye tí ìjọba ń kéde lọ́dọọdún. Ti 2026 jẹ́ dọ́là 38.99. Ẹni tó bá fi oṣù 30 ṣòfò yóò máa fi nǹkan bíi dọ́là 11.70 kún owó rẹ̀ lóṣooṣù, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú ètò náà.

Ọ̀rọ̀ yíyàn wá kù. Àṣìṣe tí èmi ṣe ni pé mo mú èyí tí owó oṣooṣù rẹ̀ kéré jù. Ẹlòmíràn á mú èyí tí ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ nínú ìjọ ń lò. Ṣé ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń fi wọ bàtà ni? Oògùn tí òbí tìrẹ ń lò ni kí o fi yan ètò. Lórí Medicare.gov, ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀, àti ilé oògùn tí ẹ ti ń rà á. Yóò ṣírò gbogbo ohun tí ẹ máa ná láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Iye yẹn ni kí ẹ wò. Ẹ wo ilé oògùn pẹ̀lú, nítorí ètò kan náà lè mú owó wálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan kó sì gbé e sókè ní òdìkejì òpópónà.

Lọ́dún 2026, ètò kankan kò gbọdọ̀ ní kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ara yín san ju dọ́là 615 lọ kó tó máa bá yín san. Tí owó tí ẹ ná lórí oògùn tó wà nínú àkójọ bá ti pé dọ́là 2,100 nínú ọdún náà, ó parí, ẹ kò san mọ́. Ínsúlínì tó wà nínú àkójọ kò gbọdọ̀ ju dọ́là 35 lọ lóṣù. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lè béèrè Extra Help ní ọ́fíìsì Social Security.

Nǹkan kan wà tó kan àwa ará Naperville. Part D tó dá dúró kan náà ló kárí Illinois, ṣùgbọ́n Medicare Advantage, tó máa ń kó dókítà àti oògùn pọ̀, ń tẹ̀ lé káńtì. Apá kan ìlú wa wà ní DuPage, apá kejì wà ní Will, nítorí náà ohun tí ẹnì kan rà lè máà sí fún aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá sì wà nínú Advantage ti HMO tàbí PPO, tó lọ ra Part D lọ́tọ̀, yóò bọ́ kúrò nínú Advantage náà.

Ẹni tó bá kàn ṣàdédé pe ìyá yín lórí fóònù láti ta ètò fún wọn ti rú òfin. Kí wọ́n má fún un ní nọ́ńbà Medicare wọn. Ẹ pe SHIP ti ìpínlẹ̀ Illinois ní 1-800-252-8966. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kò sì ta nǹkan kan. Ẹni tó bá ń lọ sílé kí ó gba oògùn oṣù mẹ́ta kó tó wọ bàálù, torí Part D kò ní san kọ́bọ̀ lórí èyí tí ẹ bá rà ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Ẹ jókòó ti Màmá àgbà tàbí Bàbá àgbà, ẹ kó igò oògùn wọn sórí tábìlì. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lára igò, kí ẹ wá fi Yorùbá kọ ohun tó wà fún: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ojú, oríkèé ríro. Ẹ kọ bóyá ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n tó jẹun tàbí lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ béèrè tẹ̀rín-tẹ̀rín bóyá èyí kan wà tí wọ́n ń dá sí méjì tàbí tí wọ́n ń fò. Wọ́n lè sọ fún yín ohun tí wọn kò ní sọ fún wa. Ìwé yẹn gan-an ni òbí yín máa fi kún Medicare.gov.

Nílé wa, dókítà kọ oògùn mìíràn tó wà nínú àkójọ fún Màámi títí ọdún fi parí, a sì pààrọ̀ ètò ní oṣù Kọkànlá. Owó oṣooṣù lọ sókè díẹ̀, owó oògùn ojú wá sílẹ̀ púpọ̀. Ọmọ mi ló ń ṣọ́ wọn báyìí. Tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á máa kà á sókè: "Ọ̀tún. Òsì. Ó tán, ẹ lè sùn, mà."