Ìwé ìbéèrè gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn

Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) fọwọ́ sí i pé Tógò ti borí jàbùtẹ́, débi pé kì í ṣe ìṣòro ìlera gbogbo ìlú mọ́. Òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń pín oògùn káàkiri láti pa aràn tín-ín-rín tó ń fà á, èyí tí ẹ̀fọn ń gbé wọ ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n oògùn tó pa aràn kì í sọ ẹsẹ̀ tó ti wú di bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Tógò fi tún kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ìtọ́jú náà ń ran ẹni tó ni ẹsẹ̀ lọ́wọ́? Téèpù lè wọn bí ẹsẹ̀ ṣe tóbi tó. Kò lè sọ bóyá aláìsàn náà ti padà sọ́jà, bóyá ó ń rí oorun sùn, tàbí bóyá ojú ṣì ń tì í láàárín ẹgbẹ́. Ìwé ìbéèrè nípa ìgbé ayé aláìsàn ni wọ́n fi ń mọ ìyẹn. Àmọ́ ní Notsé ní Tógò, ìlú àtijọ́ àwọn Ewe tó wà lójú ọ̀nà Lomé sí Atakpamé, Faransé ni èdè ìjọba, Ewe ni èdè ilé. Èwo ni nọ́ọ̀sì yóò fi béèrè?

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní DLQI. Andrew Finlay àti Gul Khan ló gbé e jáde ní Cardiff, ní Wales, lọ́dún 1994, fún àwọn tí àrùn awọ ara ń dà láàmú. Àwọn olùwádìí ti lò ó fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wú ní Guyana. Ìbéèrè 10 ló ní, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń gba máàkì láti 0 dé 3. Bí máàkì bá ṣe pọ̀ sí i ni ìnira ṣe pọ̀ sí i. Ó béèrè nípa ìtọ́jú ilé àti ọgbà, nípa eré ìdárayá, àti nípa ìbálòpọ̀. SF-36, ìwé mìíràn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ fi gbígbá góòfù àti lílo ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí kò le jù. Àgbẹ̀ tí kò gbá góòfù rí lè dáhùn pé kò nira fún òun. Máàkì rẹ̀ yóò wá sọ pé ara rẹ̀ le, nígbà tí kò lè rìn dé oko.

Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ kan ṣoṣo. Ó kéré tán, ènìyàn méjì ló máa ń túmọ̀ ìwé náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó jókòó pa tiwọn pọ̀. Àwọn mìíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ yóò dá a padà sí èdè tó ti wá. Ìgbìmọ̀ yóò gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ bá àwọn aláìsàn díẹ̀, kí wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó gbọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yìí ni ìdánwò gan-an bẹ̀rẹ̀. Bí ara aláìsàn kò bá yí padà, ṣé ìdáhùn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì yóò sún mọ́ ti àkọ́kọ́? Ṣé máàkì ẹni tí àìsàn rẹ̀ le yàtọ̀ sí ti ẹni tí tirẹ̀ kò le? Ṣé àwọn ìbéèrè tó jẹ mọ́ ohun kan náà ń tẹ̀ síbì kan náà? Fún èyí tó kẹ́yìn, wọ́n ń lo ìṣirò tí Lee Cronbach gbé kalẹ̀ lọ́dún 1951, 0.70 sókè ni ọ̀pọ̀ olùwádìí ń gbà.

Ìwà ọmọlúwàbí pàápàá lè ba ìdáhùn jẹ́. Bí a bá bi àgbàlagbà léèrè pé ara ńkọ́, “A dúpẹ́” ni yóò kọ́kọ́ sọ, ì báà jẹ́ pé kò sùn mọ́jú. Ìkíni ló dáhùn yẹn. Kò tíì sọ̀rọ̀ nípa àìsàn. Tó bá sì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé nọ́ọ̀sì ló ń bi ìyá àgbà nípa ìbálòpọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìyá náà dákẹ́ tàbí kó ní kò sí wàhálà. Ẹni tó béèrè àti ibi tó ti béèrè wà lára ohun tó yẹ kí wọ́n dán wò.

Èdè Yorùbá ti la irú iṣẹ́ yìí kọjá. Ní ọdún 2006, Aderonke Akinpelu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn gbé àbájáde jáde lórí WHOQOL-BREF, ìwé WHO tó ní ìbéèrè 26, lédè Yorùbá, lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò láàárín àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù. Ní ọdún 2015, Chidozie Mbada àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe ti SF-36. Fínláǹdì, tí èèyàn ibẹ̀ kò pé mílíọ̀nù mẹ́fà, ní èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe: 15D, tí Harri Sintonen dá sílẹ̀. Kíkéré èdè kò dí wọn lọ́wọ́. Owó ìwádìí àti àwọn olùwádìí ló mú kó ṣeé ṣe.

Àmọ́ ẹ̀rí tí a rí ní Ìbàdàn kò tó fún Atakpamé, níbi tí àwọn ará Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ana ti ń sọ ẹ̀ka Yorùbá tiwọn. Mélòó mélòó wá ni Notsé, tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá? Tógò ti sọ Ewe àti Kabiyè di èdè orílẹ̀-èdè nínú àtúntò ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975, nítorí náà kì í ṣe pé Ewe kò ní àkọsílẹ̀. Bí àjọ kan bá kéde pé ìtọ́jú ti mú ayé rọrùn fún àwọn aláìsàn níbẹ̀, ohun mẹ́ta ló yẹ kí akọ̀ròyìn béèrè: èdè wo ni wọ́n fi bi wọ́n, ta ló dán ìwé náà wò, irú aláìsàn wo ni wọ́n sì fi dán an wò? Bí wọn kò bá rí èsì fọ̀, kí akọ̀ròyìn má tíì gbé máàkì wọn síta.