Diwali dé, èéfín gba Delhi kan!

Bọ́dún Diwali bá ti kù dẹ̀dẹ̀ ní India, àwọn ìyàwó ilé kì í sinmi. Wọ́n á tún ilé ṣe, wọ́n á to fìtílà amọ̀ síta, kí Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, lè ríran wọlé. Wọ́n ní iná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi pàdé Rama nígbà tó dé lẹ́yìn ọdún 14 tí wọ́n ti lé e nílùú.

Ṣùgbọ́n bángà làwọn ọmọ ń retí ní tiwọn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lọ́dún 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní bángà tí èéfín ẹ̀ ò pọ̀ nìkan ni kí wọ́n yìn, láti aago 8 sí 10 alẹ́.

Ṣé wọ́n gbọ́ ní Delhi? Rárá o! Aago 10 kọjá, bángà ṣì ń dún. Ìyá tọ́mọ ẹ̀ ní ásímà ńkọ́? Kó ti fèrèsé ló kù.